Iná Ìyẹ̀fun Pákó Ìyá Mi

Tí mo bá ti gbọ́ òórùn pákó tó ń jó báyìí, orí mi a wú. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n tó bá di ká ṣọ́wó ná, ọ̀gá ni mí. Ilé ni mo ti kọ́ ọ.

Ìyẹ̀fun pákó ọ̀fẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Agége ni ìyá mi fi ń dáná. Wọ́n á ki ìyẹ̀fun náà yí ìgò ká nínú garawa, wọ́n á yọ ìgò, iná á sì gba ihò rẹ̀ jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èéfín bo gbogbo ọgbà, aládùúgbò wa obìnrin bá pariwo:

"Ìyá Ṣínà, ṣé ẹ fẹ́ sọ wá di ẹja yíyan ni?"

Ìyá mi fèsì: "Ẹ má bínú, ma. Ẹja yíyan kì í tètè bàjẹ́!"

Ojú ti èmi Ṣínà. Mi ò tíì mọ̀ pé báǹkì ló ni ilé wa, pé owó kẹrosíìnì àti owó ọkọ̀ tí àwọn òbí mi ò ná ni wọ́n fi ń san gbèsè ilé náà.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi fẹsẹ̀ rìn dé láti ilé iṣẹ́ wọn ní Ìkẹjà, ìwé báǹkì lọ́wọ́.

"Ìyá Ṣínà, a ti san án tán! Ọdún mẹ́rin ṣì kù nínú iye ọdún tí báǹkì dá fún wa!"

Ìyá mi ò fò, wọn ò pariwo. Wọ́n tẹ ọwọ́ tí ìdí ìkòkò ti sọ di dúdú mọ́ ògiri funfun ilé wa, wọ́n ní, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ nù ún."