Ilẹ̀ Tí Mùkáílà Kò Sun

Mùkáílà ará Lanlate kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Japheth létí òun. Ohun tí Japheth fi ṣẹ̀ ẹ́ kò ju pé igi rẹ̀ ń ga.

Ní ọdún 1963 ni Dókítà Babáfẹ́mi dé láti Ìbàdàn, tó ní òun fẹ́ fi ogún ọdún wo ohun tí iná ọ̀gbẹlẹ̀ ń ṣe fún igbó. Ibi mẹ́fà ló mú, láti ọ̀dàn Kíṣí títí dé igbó Oǹdó. Níbi kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ méjì ni: wọn á máa sun ọ̀kan lọ́dọọdún, iná kò gbọdọ̀ kan èkejì. Ní Lanlate, Mùkáílà gba èyí tí wọ́n ń sun, torí ọmọ ọdẹ ni, ó mọ̀wà iná. Japheth tíṣà gba èkejì.

Bí ọyẹ́ bá ti mú, Mùkáílà á ṣáná. Bójò bá dé, á fi téèpù wọn igi, á kọ ọ́ sínú ìwé. Igi emi tí a fi ń ṣe òrí, kúkúrú kúkúrú, ló ń rí wọ̀n. Lọ́dọ̀ Japheth, igi ayùnrẹ́ ti ga ju òrùlé lọ. Ibẹ̀ ni Dókítà ń mú àlejò lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò. Japheth gbé ọ̀kan kọ́ sí pálọ̀. Mùkáílà rí i nígbà tó lọ jẹ ìrẹsì Kérésì níbẹ̀, ìrẹsì ọ̀hún kò sì dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ká má purọ́, owú ń jẹ ẹ́.

“Iṣẹ́ wo ni Japheth ń ṣe?” ló bi Àmínà ìyàwó rẹ̀. “Ó jókòó, igi ń hù. Èmi tí mò ń jẹ èéfín, ta ló ya fọ́tò mi?”

“Ẹ gbé ìyẹn tì, Bàbá Wàhábì. Ìka ò dọ́gba.”

Kò gbé e tì. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún 1972 mú, ó dúró ti emi kan tó máa ń rúwé láti ìdí lẹ́yìn gbogbo iná. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Etí ọ̀nà nìkan ló sun, kí ará ìlú lè rí èéfín, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun sun gbogbo rẹ̀. Ọdún kejì, bákan náà. Emi yẹn ga dé èjìká rẹ̀, ó sì ń lọ wò ó láràárọ̀ bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Dókítà dé lóṣù kẹfà ọdún 1974. Ó wo emi, ó wo ìwé, ó tún wo emi.

“Bàbá Wàhábì,” ló wí, “ní Kíṣí, wọ́n ti fi ilẹ̀ náà gbin iṣu. Ní Oǹdó, iná kì í fẹ́ ràn. Ibi mẹ́ta yòókù ti fo ọdún. Tiyín nìkan ni wọ́n sun láìfo ọdún kan. Láìsí tiyín, igi Japheth kàn ga lásán ni, a ò lè sọ ohun tó mú un ga.” Ó yọ bírò. “Mo máa kọ ọ́ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, emi ti ń borí iná. Ẹ dúró tì í, kí n yà yín ní fọ́tò.”

Mùkáílà fọwọ́ bo ìwé náà.

“Ẹ má kọ ọ́,” ló wí. “Mi ò sun ún. Ọdún méjì rèé. Japheth ni mò ń jowú.”

Dókítà kò bínú, ìyẹn ló sì dun Mùkáílà jù. Dókítà fa ìlà gba orí ohun tí Mùkáílà kọ fún ọdún méjì náà.

“Ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀,” ló wí. “Láti orí ení.”

Nígbà tí ọyẹ́ mú, Mùkáílà ṣáná. Emi tó ga dé èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbiná. Ó dúró tì í títí ó fi jó tán, ó wá ṣí ojú ewé tuntun, ó kọ ọ́ síbẹ̀: ọdún kìíní.