Ẹdùn Àrá Tí Wọ́n Hú Nílé Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí a ṣì ń gbé ní Ọ̀kà, orí gegele lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ni ilé wa wà, kò sì sí ilé tó ga tó o ní àdúgbò. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ra rẹ́díò níbẹ̀. Rẹ́díò yẹn ò gbọ́ràn rárá, ńṣe ló ń kùn bí agbọ́n. Ni bàbá mi bá ri ọparun gíga kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé, ó so wáyà mọ́ ọn lórí, ó sì fa wáyà náà wọ yàrá. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti ń dún ketekete. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò á wá jókòó gbọ́ ìròyìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ìyá mi á sì máa ráhùn pé wọ́n ti mu omi àmù òun tán.

Ẹ fetí sílẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù, kó gbé e sílẹ̀ ná.

Ní ọdún kan, níbẹ̀rẹ̀ òjò, ewúrẹ́ aládùúgbò wa kan sọnù. Wọ́n wá a títí dé Ìwàrò, wọn ò rí i. Ẹni tó ni ín fárígá, ó ní òun ti fi ẹni tó jí i lé àrá lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, òjò ṣú, àrá sán gbàà, ilé wa ló bọ́ sí. Ọparun là sí méjì, rẹ́díò jóná, ògiri yàrá bàbá mi sán láti òkè dé ilẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni nínú wa. Lónìí, ẹ ó ní ká máa dúpẹ́. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tí àrá bá jà nílé rẹ̀, olè ni tàbí òpùrọ́, kò sẹ́ni tó ń wá ẹ̀rí mìíràn.

Àwọn tó ń bọ Ṣàngó dé, wọ́n ní kí a bọ́ síta. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ nídìí ògiri tó sán, wọ́n sì hú òkúta kan jáde. Ó dán, ó rí pẹlẹbẹ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí ẹnu àáké. Àwọn ènìyàn hó yèè. Wọ́n ní ẹdùn àrá nìyẹn, òun ni àrá sọ látòkè wá. Bàbá mi ní, "Ẹ̀yin ará àdúgbò mi, mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ nǹkan kan nípa ewúrẹ́ yìí!" Ta ni yóò gbọ́? Òkúta ti jẹ́rìí.

Wọn ò lù ú o. Èyí tí wọ́n ṣe burú ju lílù lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dá páropáro. Níbi ìrun Jímọ̀, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì rẹ̀ nínú sàfù, ìyẹn ìlà tí a ń tò kírun, bẹ́ẹ̀ àwọn kan náà ló ń kọ́ wa pé èjìká gbọ́dọ̀ kan èjìká. Tí mo bá lọ pọnmi, àwọn ẹgbẹ́ mi á máa ké "mẹ́ẹ̀ẹ̀" tẹ̀lé mi. Ó sì dùn mí láti sọ ohun tí èmi náà ṣe. Mo lọ bá bàbá mi níbi tó ti ń pọ́n àdá, mo ní, "Bàbá, ṣé lóòótọ́ lẹ jí i?" Ó wò mí títí. Kò bínú. Ó ní, "Ìwọ náà?" Ó sì ń pọ́n àdá rẹ̀ lọ.

Kò pẹ́ tí a fi kó wá sí Ìkàrẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá mi kú sí kí n tó lọ sílé ọkọ. Nígbà tí àwọn ọmọ mi ń bèèrè bàbá ìyá wọn, mo ní n kò mọ̀ ọ́n, pé mo wà lọ́wọ́ ló kú. Irọ́ ni mo pa. Ojú ló ń tì mí.

Lọ́dún yìí, mo ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí, ó ń ka ìwé sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sókè, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní nínú kùrukùru òjò, yìnyín wẹ́wẹ́ àti omi máa ń ha ara wọn, iná á sì kó jọ síbẹ̀, bí ìgbà tí a bá bọ́ súwẹ́tà lórí nígbà ọyẹ́ tó ń ta pàràpàrà. Tí iná náà bá pọ̀ jù, á wá ọ̀nà dé ilẹ̀, ohun tó bá ga, pàápàá tí irin tàbí wáyà bá wà lára rẹ̀, ló sábà máa ń gbà. Mo ní, "Dúró ná. Ka ibẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i." Ó tún un kà.

Ẹ gbọ́ mi, kí ni à ń pe iná tó ń tan gílóòbù nílé yín? Iná mànàmáná ni! Ẹnu wa la fi sọ ọ́ lórúkọ, a ò sì gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń wí.

Ọmọ náà ní láìpẹ́ yìí, àwọn onímọ̀ gun orí òkè kan lókè òkun, wọ́n na ìmọ́lẹ̀ líle kan sójú ọ̀run, mànàmáná sì tọ ipa ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ náà wá. Àrá tí a ń sá fún, wọ́n ti ń júwe ọ̀nà fún un! Mo wá bi í léèrè òkúta yẹn. Ó ní àwọn ènìyàn ayé àtijọ́, tí wọn ò tíì mọ irin, ló ń lọ òkúta fi ṣe àáké, wọ́n sì gbé lórí irú òkè tiwa yìí. Ní báyìí, wọ́n ń fi awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹnu òkúta bẹ́ẹ̀, wọ́n sì lè mọ̀ bóyá igi ló gé tàbí ẹran. Háà! Irinṣẹ́ ẹnìkan tó ti kú tipẹ́ ni wọ́n hú nínú ilẹ̀ wa.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Sáyẹ́ǹsì kò sọ ẹni tó jí ewúrẹ́. Ohun tó sọ ni pé àrá kò mọ̀ ọ́n. Àrá nìkan sì ni ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní lórí bàbá mi.

Ayé ti yí padà. Lónìí, bí àrá bá ba tẹlifíṣọ̀n jẹ́, ẹ ó ní ká pe oníná wá, kò sẹ́ni tí yóò bi onílé léèrè ohun tó jí. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó dàgbà. Èmi, orí mi ti funfun kí n tó mọ̀.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọmọ náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, títí kan ìbéèrè tí mo bi bàbá mi. Ó ní, "Màmá, kí lorúkọ bàbá yín?"

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí mo ti gbé orúkọ náà mì. Mo ti ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì pè é sókè, tí àwọn ará ilé kejì fi gbọ́.