Ojú Agẹmọ Tí Àlàájà Là

Igba náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi fún ẹyin kan ṣoṣo ní Adìgbẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo dúró, mo ń wò ó lọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan àjèjì. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ kò tó náírà kan, ẹyin sì wà nínú ti àárọ̀. Ó ti rẹ̀ mí láti máa sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì ti sú àwọn ọmọ mi láti máa gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n n kì í rí ẹyin kí n má rántí agẹmọ kan, àti ohun tí mo ṣe sí obìnrin tó ṣe mí lóore nítorí rẹ̀.

Ọdún tí mo fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ jáde nínú ìmọ̀ ẹranko ni. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí bí agẹmọ ṣe ń fi ojú méjèèjì wọn bí kòkòrò ṣe jìnnà tó kí ó tó ta ahọ́n sí i. Olùkọ́ wa fi agẹmọ kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n gbé e lọ sílé fún ìsinmi gígùn, kí n máa kọ ohun tí mo bá rí sílẹ̀. Ó ní bí ó bá kú mọ́ mi lọ́wọ́, kí n yáa múra láti tún ọdún náà ṣe. Opó ni ìyá mi, tíṣà ilé ìwé ìjọ. Ọdún kan sí i ní yunifásítì kò sí nínú ohun tí apá rẹ̀ ká. Nígbà tí ó rí ohun tí mo gbé wálé nínú àgò adìẹ, ó fọwọ́ lérí, ó ní nǹkan yìí kò ní sùn nílé òun. Nígbà tó yá, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Alágẹmọ ti bímọ rẹ̀ ná, àìmọ̀jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ." Mo mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Ìrẹ̀ ni mo fi ń bọ́ ọ. Mo ń gbẹ́ wọn nínú ilẹ̀, mo ń kó wọn sínú agolo mílíìkì, wọn a sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin láìjẹ nǹkan kan. N kò fún un ní oúnjẹ mìíràn fún odidi oṣù kan. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ojú rẹ̀ ọ̀tún wú, ó sì dì. Ará ilé ní oorun ló ń sùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti òsì náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tó ń ta ahọ́n síbi tí ìrẹ̀ kò sí, mo mọ̀ pé kì í ṣe oorun. Agẹmọ tí kò ríran kò lè rí jẹ, èyí tí kò bá sì jẹ yóò kú.

Mo sáré lọ sí ilé oògùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀ ní Kútọ̀. Ẹni tó ń tajà bi mí pé, "Àgbà lojú ń dùn ni, àbí ọmọdé?" Mo ní agẹmọ ni. Gbogbo èrò tó wà níbẹ̀ yà fún mi. Obìnrin kan tó ń lọ sí Èkó yára gbé ẹrù rẹ̀, ó ní ọkọ̀ òun ti ń kún. Mo ra oògùn ojú, mo fi sí i fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò ṣe nǹkan kan.

Àlàájà kan wà ní ilé kejì sí tiwa, tó ń ta àdìrẹ, tó sì ń sin adìẹ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀rù agẹmọ ń bà á bí ẹ̀rù ejò. Nígbà tó gbọ́ pé ojú ẹran mi ti wú, orí ògiri ló ti yọjú sí mi, kò jẹ́ sún mọ́ tòsí.

"Yunifásítì, kí lo ń fún un jẹ ná?"

"Ìrẹ̀ ni, Àlàájà."

"Kí ni ìrẹ̀ ọ̀hún ń jẹ?"

Mo ní wọn kì í jẹ nǹkan kan, inú agolo ni wọ́n ń gbé.

"Yéè! Ẹni tí ebi ń pa lo fi ń bọ́ ẹni tí ebi ń pa! Báyìí gẹ́lẹ́ lojú àwọn adìẹ mi ṣe wú lọ́dún tí mo fi pákí nìkan bọ́ wọn. Ẹ̀fọ́ àti àgbàdo pupa ló là á, kì í ṣe oògùn. Bọ́ ìrẹ̀ ẹ yó kó o tó fi bọ́ ẹran ẹ." Ó na ẹyin mẹ́ta sí mi lórí ògiri. "Fi pupa inú ẹ̀ kún un. Má sì gbé nǹkan yẹn wá síbí o!"

Mo rẹ́rìn-ín nínú ara mi, èmi tí mo ń kàwé gbọọrọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ti tán nínú mi. Mo se ẹyin, mo rún pupa rẹ̀ mọ́ ewé tẹ̀tẹ̀ àti ìbẹ́pẹ pípọ́n fún àwọn ìrẹ̀, mo jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Lẹ́yìn náà ni mo ń fi èékánná la ẹnu agẹmọ náà díẹ̀díẹ̀, mo ń ti ìrẹ̀ sí i lẹ́nu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ní ọjọ́ kọkànlá, ojú òsì là. Ti ọ̀tún kò là mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n ẹran náà yè.

Nígbà tí a wọlé padà, olùkọ́ wa gbé e sókè, ó yẹ ojú náà wò. Ó ní àìtó fítámì A ni, pé ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé kí o kọ́kọ́ bọ́ ìrẹ̀?"

"Èmi ni mo rò ó, sà."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí n tó mọ̀. Ó ka àkọsílẹ̀ mi sókè fún gbogbo kíláàsì, mo sì gba máàkì tó dára.

Nígbà tí mo padà sílé, Àlàájà bi mí pé ṣé mo sọ fún ọ̀gá wa ẹni tó kọ́ mi. Mo ní, "Mo sọ, Àlàájà. Wọ́n ní kí n kí yín." Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ ọ́ fún gbogbo àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé yunifásítì kí òun. Ó di ẹyin méjìlá sínú apẹ̀rẹ̀ pé kí n gbé e lọ fún olùkọ́ wa. Èmi àti ọ̀rẹ́ tí a jọ ń gbé yàrá la jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ méjì.

Agẹmọ náà kò pé ọdún kan sí i. Olùkọ́ wa ti lọ, ìyá mi ti lọ, ọ̀rẹ́ mi yẹn náà ti lọ. Àlàájà lọ nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ lókè Ọya, n kò bá wọn níbi ìsìnkú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin àgbà nìkan ló kù pẹ̀lú mi nínú àwọn tó mọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà, ọ̀pá lòun náà fi ń rìn báyìí. Nígbàkígbà tó bá rí mi lọ́nà, yóò dá àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ dúró, yóò ní, "Ẹ kí bàbá yìí dáadáa. Àwọn ni wọ́n jẹ́ kí yunifásítì mọ ìyá wa."

Èmi a sì ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."