Fíìmù tí Bàbá Wa Fi Ṣe Ìkíní Lọ́dún Yìí

Nínú gbogbo àwo orin tó jáde lọ́dún yìí, mẹ́ta péré ni mo gbọ́ dé ìparí, ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn sì jẹ́ nítorí pé aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, mi ò ráyè dìde lọ pa á. Ìranù pọ̀ jù. Ọ̀kan wà tó jẹ́ pé àwọn olówó ni ọkùnrin inú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ kí ní ìbẹ̀rẹ̀ gbogbo orin. Ó kí ẹni tó ni ilé epo, ó kí ìyàwó ẹni tó ni ilé epo, ó kí ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Nígbà tó máa fi dé orí ohun tó fẹ́ sọ, orin ti tán. Òmíràn wà tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí ohùn akọrin náà padà títí ó fi ń dún bí ewúrẹ́ tí ọrùn rẹ̀ há sínú ọgbà. Àwọn ọ̀dọ́ Tchaourou, ìlú wa, ń gbé e kiri létí, wọ́n ń mi orí. Mo máa ń wò wọ́n, àánú àwọn òbí wọn a sì ṣe mí.

Aránṣọ ni mí. Yàrá iwájú ilé bàbá wa ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gúdúrọ̀n, ọ̀nà ọlọ́dà tó lọ sí Parakou, láti àárọ̀ ni orin sì ti máa ń dún níbẹ̀, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ ohun tí mò ń sọ. Ibùdókọ̀ ni ẹni tó ń ta orin àti fíìmù fún wa máa ń jókòó sí pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kan. A óò gbé kátì inú tẹlifóònù wa fún un, yóò kó nǹkan sínú rẹ̀, ohun tó bá sì wu òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kó. Mo ní kó fún mi ní orin gìtá ọkùnrin Ṣábẹ̀ kan. Ó fún mi lóòótọ́, ó wá kó ogójì orin ìgbéyàwó lé e lórí, bí ẹni pé èmi ni mo fẹ́ ṣe ìyàwó. Àwo gìtá yẹn nìkan ni mo fẹ́ràn lọ́dún yìí. Orin kúkúrú mẹ́jọ ni, kò kí ẹnikẹ́ni, ibi tó sì yẹ kó dákẹ́ ló dákẹ́.

Ká má tiẹ̀ sọ ti fíìmù. Nínú mẹ́wàá tí mo wò, mẹ́jọ ni ìyàwó ilé ti bu májèlé sínú ọbẹ̀, wọ́n á sì gbé kámẹ́rà sórí ìkòkò ọbẹ̀ náà títí ebi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹni tó ń wò ó. Ẹni tó ń kú lọ kì í kú bọ̀rọ̀. Á dìde jókòó, á sọ̀rọ̀ tó gùn ju wáàsù ọjọ́ Jímọ̀ lọ, kó tó rántí pé òun ń kú. Ti àwọn ará Íńdíà tí wọ́n yí sí Faransé ló burú jù. Gbogbo wọn ló ń sunkún, òjò á máa rọ̀, oòrùn á máa ràn, wọ́n á sì tún máa jó.

Àwọn fíìmù Faransé yìí gan-an ni bàbá wa fẹ́ràn, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́ Faransé. Nàgó, èdè ilé wa, ló gbọ́, ó gbọ́ èdè Baatonum dáadáa, ó sì mọ èdè Fúlàní tó tó kó fi bá àwọn darandaran jà. Láti bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni nǹkan funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, á jókòó ti tẹlé, ìyẹn tẹlifíṣọ̀n wa, èmi á fi iṣẹ́ sílẹ̀, mà á máa sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un ní Nàgó: ẹni tó wọlé, ohun tó wọ̀, ohun tó sọ. Ibi tí mo bá ti fo ọ̀rọ̀ ló máa ń mọ̀. Á ní, "Ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ gígùn, èyí tí o sọ fún mi kúrú."

Nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì dá, iṣu ló ń gbìn ní Goro. Lẹ́yìn ìkórè, àwọn àgbẹ̀ á kó ara wọn jọ, wọ́n á sọ iṣu ẹni tó ta yọ lọ́dún náà, àríyànjiyàn wọn á sì gba odindi ọjọ́ kan. Nígbà tí kò lè lọ sóko mọ́, ó gbé àṣà yẹn wá sórí orin àti fíìmù. Lọ́jọ́ tó bá kẹ́yìn ọdún, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó máa ń pe gbogbo agbolé jókòó, á sọ àwo tó ṣe ìkíní, á sọ fíìmù tó ṣe ìkíní, á sì sọ ìdí. Ohun tó bá sọ lọ́jọ́ yẹn, kì í yí i padà.

Bó ṣe rí náà nìyẹn lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bàbá ti gba obì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Goro pé ọmọ ọ̀rẹ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi máa fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ò fẹ́. Ó lọ sí Ṣábẹ̀, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe. Bàbá ní láti dá obì padà lójú gbogbo ayé, ìtìjú yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ dárúkọ rẹ̀ létí òun mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ tẹ ilẹ̀ ilé òun. Ó di ọdún mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mi ti bí ọmọbìnrin kan tí bàbá gbọ́ nípa rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò bá pàdé rí.

Lọ́dún yìí, nígbà tí iṣu tuntun jáde, bàbá ṣàdédé bi mí bóyá òjò ti ba ọ̀nà Ṣábẹ̀ jẹ́. Gúdúrọ̀n ni ọ̀nà Ṣábẹ̀. Mo ní òjò ò ṣe é ní nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní ọmọ ẹni tó wà lọ́hùn-ún á ti tó ilé ìwé lọ báyìí. Mo ní ó ti ń lọ, ó tiẹ̀ ti mọ̀wé kà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà sórí iye ọjọ́ tí òjò ti rọ̀.

Mo sáré pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọkàn bàbá ti ń rọ̀ o. Lọ́jọ́ tó máa yan fíìmù ni kí ẹ wá. Inú rẹ̀ kì í bà jẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

Mo gbọ́ ẹkún rẹ̀, lẹ́yìn náà ló bi mí aṣọ wo ni kí òun wọ̀ fún ọmọ.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn èyí ni a wo fíìmù kan, ti Íńdíà tí wọ́n yí sí Faransé ni. Bàbá olówó kan lé ọmọ rẹ̀ obìnrin jáde nítorí ọkọ tó fẹ́. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún bàbá wa ni mo rí i pé kò mira mọ́, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tẹ̀súbáà, kò fà á. Èmi náà ń fi ara balẹ̀ sọ ọ́. Fíìmù yẹn dáa, mi ò ní parọ́, àfi ìgbà tó dé ìparí. Bàbá olówó ń ṣàìsàn, ọmọ sáré wọlé, bàbá dìde lórí ibùsùn, wọ́n gbá ara wọn mọ́ra, gbogbo ìdílé tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ wọ́n ń sunkún, wọ́n sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ijó. Inú bí mi débi pé ara mi ń gbóná. Wọ́n ti ba nǹkan tó dáa jẹ́. Ta ló ń ṣe báyẹn nílé ayé?

Mo yí i padà. Mo sọ fún bàbá wa pé nígbà tí ọmọ máa fi dé, wọ́n ti sin bàbá rẹ̀. Mo ní ó dúró létí sàréè, kò sọ nǹkan kan, ẹkún tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ẹkún òkú ni. Kí ijó tó bẹ̀rẹ̀, mo ti pa tẹlé. Mo rò pé ìyẹn máa wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara ju ìdìmọ́ra lọ, ẹ̀rù á bà á, á ranṣẹ́ sí Ṣábẹ̀ kíákíá. Ṣùgbọ́n kí n sọ òótọ́: ìgbéraga ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo fẹ́ kí fíìmù náà dáa ju bí àwọn tó ṣe é ṣe ṣe é lọ.

Bàbá wa tún bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀súbáà rẹ̀. Ó wá ní, "Èyí yàtọ̀." Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ná owó fíìmù náà.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún pé. Àwọn ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tonton, àgbàlagbà ọkùnrin tó ń gbé lódìkejì ọ̀nà, náà wá. Kí bàbá tó bẹ̀rẹ̀, mo gbọ́ tí alùpùpù zémi tó ń gbérò dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó jókòó sáàárín aṣọ tí mo gé sílẹ̀. Ìlẹ̀kùn tó wà láàárín wa ṣí sílẹ̀, gbogbo wa la rí i, àfi bàbá. Mo fọwọ́ ṣàpèjúwe fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó dúró díẹ̀.

Bàbá kọ́kọ́ sọ ti àwo orin. Ó mú àwọn obìnrin Alafiarou kan tí wọ́n fi tẹlifóònù gba orin wọn sílẹ̀, tí ẹnì kan ń gún nǹkan nínú odó lẹ́yìn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo pòṣé. Ó gbọ́, ó ní, "Ìwọ dákẹ́, odó yẹn gan-an ló dáa jù níbẹ̀."

Ó wá dé orí fíìmù.

Ó ní, "Fíìmù tó ṣe ìkíní ni ti ọkùnrin tó lé ọmọ rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé sàréè. Ẹ ò rí àwọn tó kù, wọ́n á lé ọmọ láàárọ̀, wọ́n á máa gbá a mọ́ra nírọ̀lẹ́. Kí n má parọ́ fún yín, mo ti fẹ́ ranṣẹ́ sí Ṣábẹ̀. Ọkàn mi ti ń lọ síbẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Fíìmù yẹn ló jẹ́ kí n rí i pé bí ọmọdé ni mo fẹ́ ṣe."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kan fi ìborùn bo ẹnu. Mi ò lè wo ìhà ṣọ́ọ̀bù.

Mo dìde, mo tan tẹlé, mo fi kátì sí i, mo wá ìparí fíìmù náà jáde. Mo ní, "Bàbá, mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ bó ṣe rí." Mo sọ ọ́ ní kíkún, mi ò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Mo ní ọmọ ti wọlé, bàbá rẹ̀ ti dìde, ó na ọwọ́, ó ní òun ti dárí jì í, ó ti gbá a mọ́ra báyìí, wọ́n ń sunkún ayọ̀, wọ́n ń jó. Ìlù àwọn ará Íńdíà náà sì ń dún rẹpẹtẹ.

Bàbá bú sẹ́rìn-ín. "Ó dìde lórí ibùsùn àìsàn, ó sì ń jó?" Tonton náà rẹ́rìn-ín. Bàbá ní, "Ẹni tó ń ta kátì ti gé ìdí fíìmù mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Ta ló máa ṣe fíìmù rádaràda báyìí? Ṣebí ìwọ lo kọ́ mi. Ọjọ́ wo ni o ò ní bú irú èyí létí mi?"

Mo ní, "Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, bó ṣe parí nìyẹn."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó yí orí síhà ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó ríran. Ó ní, "Ó wà níbí, àbí? Ìdí nìyẹn tí o fi ń yí fíìmù padà fún mi." Ó wá ọ̀pá rẹ̀, ó dìde. "Sọ fún un pé mo kí ọkọ rẹ̀. Kó tètè máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀gbọ́n mi ti wọ bàtà fún ọmọ. Ó gbọ́ Faransé jù mí lọ, ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ fíìmù náà.

Ó ní, "Báwo ni o ṣe sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀?"

Mo sọ fún un.

"Kí ló dé tí o ṣe bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ìparí rẹ̀ ò dáa ni. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń gbá ara wọn mọ́ra. Ìranù ni."

Ó wò mí. Kò gbé ohùn sókè rárá. Ó ní, "Ìranù yẹn ni mo gbé ọmọ mi wá síbí fún."

Ó fa ọmọ náà lọ́wọ́, wọ́n jáde sí etí gúdúrọ̀n láti wá ọkọ̀ Ṣábẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n padà. Mo gbọ́ tí ọmọ náà ń bi í pé ṣé bàbá àgbà ti sùn ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti sùn.