Ọta Kan Tí Kò Dún

Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, n kò rí i nínú fóònù, n kò sì fi orí ìrọ̀rí lá a. Mo tètè ń sọ èyí nítorí pé kò sí ohun kan lọ́wọ́ mi tí mo lè nà sí yín pé ẹ wò ó, ibi tí mo lọ nìyí. Ẹ̀yin ọdẹ Ayétòrò, ẹ̀yin tí ẹ mọ bàbá mi, ẹ mọ̀ pé ìran wa kì í purọ́ ẹran. Kíláàsì kẹrin ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí fọganáísà tó lè lẹ táyà jù mí lọ ní gbogbo Bronx, níbi tí mo ń gbé ní New York, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ìbọn.

Ẹnu Gàníyù ló gbé mi dé ọ̀nà. Gàníyù ni ó ń gẹ irun fún wa ní Tremont, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni àwa ọkùnrin Yorùbá máa ń péjọ sí. Ní ọjọ́ kan ó ní ọdẹ tí kò tíì pa eku kan láti ìgbà tó ti dé Amẹ́ríkà, ọdẹ ẹnu ni. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Súlè. Ọmọ Ìbàdàn ni Súlè, mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ. Iṣẹ́ gáàdì agbébọn ló ń ṣe, ìjọba sì fún un níwèé àṣẹ. Ó ní òun ní ọ̀rẹ́ kan, òyìnbó àgbàlagbà, ní Pẹnsilfáníà, níbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn ọwọ́ wó ẹran onírin, ìyẹn ère ẹran tí wọ́n fi irin ṣe, òun yóò sì mú mi lọ. Mo sọ fún Gàníyù níwájú gbogbo wọn pé n óò mú ẹ̀rí bọ̀.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Sátidé tí Súlè fi dé ẹnu ọ̀nà wa ní Soundview. Ìyàwó mi bá mi dé ibi àtẹ̀gùn. Kò fẹ́ ìrìn náà rárá. Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni ìjọba ní kí n wá dáhùn ìbéèrè kí wọ́n tó lè sọ mí di ọmọ onílùú, ìwé tí a ti ń retí láti ọdún mélòó kan.

"Bàbá Bọ́lá," ó ní, "Ọjọ́rú ò jìnnà mọ́. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yín dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kankan."

Mo ní kó lọ sùn. Ṣé ọmọdé ni mí ni?

A gun afárá ńlá tó kọjá lórí odò Hudson bọ́ sí Jersey. Lílọ kò gba owó. Ìpadàbọ̀ ni wọ́n ń gbowó, kò sì sí ẹni tó jókòó níbẹ̀ tó ń gbà á, kámẹ́rà ni yóò ya nọ́ńbà ọkọ̀ rẹ. A dúró ra bégù, ìyẹn búrẹ́dì líle kan tó rí roboto bí òrùka, wọ́n fi ẹyin sáàrin rẹ̀. Dọ́là mẹ́fà ni ọ̀kan. Nílé, dọ́là mẹ́fà á se ọbẹ̀ tí odidi ilé yóò jẹ. Ọ̀nà wọn dára, n kò ní í purọ́. Mo fi etí sí táyà Súlè títí, n kò gbọ́ kòtò kan.

Ṣùgbọ́n ojú mi rí èèmọ̀. Àgbọ̀nrín ńlá kan sùn sẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ ló gbá a, kò sì sí ẹni tó yà lọ wò ó. Níbi tiwa, wọn ì bá ti máa jà lórí itan. Mo ní kí Súlè dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́," Súlè dáhùn. "Ẹran títì nìyẹn."

A tún rí méjì sí i kí a tó dé. Ó dùn mí dé egungun.

Wálítà ni orúkọ òyìnbó náà, ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí òwú. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí pápá ìyìnbọn, òun ló sì ń tọ́jú àwọn ìbọn tí wọ́n ń lò níbẹ̀, kò sí èyí tó ń bá Súlè wọ New York. Rénjì ni wọ́n ń pe pápá náà. Lẹ́sẹ̀ òkè ni wọ́n to ẹran onírin sí ní ọ̀wọ́ mẹ́rin: adìẹ nítòsí, ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà tòlótòló, àgbò wá wà lọ́hùn-ún tó kéré lójú bí èèrà. Wọ́n fún mi ní awò ojú àti ohun tí wọ́n fi ń dí etí. Bí àsíá pupa bá wà lókè, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn.

Ìbọn náà kì í ṣe irú èyí tí ọlọ́pàá ń há sí ìbàdí. Ó gùn tó láti ìgúnpá mi dé ọmọ ìka. Bí o bá tẹ ibì kan, ẹnu rẹ̀ á ṣẹ́ wálẹ̀ bíi ti ìbọn ẹlẹ́nu kan tí a ń lò nílé. O ó ti ọta kan bọ̀ ọ́, o ó pa á dé. Ọta kan péré. Inú mi dùn sí èyí, nítorí bàbá mi máa ń sọ pé ẹni tó ní ọta mẹ́wàá kì í wo ẹran dáadáa. Mágínọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pe irú ọta náà, ìyẹn ni pé ẹ̀tù inú rẹ̀ ju ti ọta lásán lọ. Awò kan tún wà lórí ìbọn tó ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ńṣe ni wọ́n ń fẹ̀yìn lélẹ̀ yìnbọn. Wọ́n á sùn sílẹ̀, wọ́n á ká orúnkún, wọ́n á gbé ìbọn ti ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀. Mo ní èmi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tiwa, ọdẹ tó bá fẹ̀yìn lélẹ̀ níwájú ẹran ti di òkú.

"Ẹ̀gbọ́n, irin ni o," Súlè ní. "Kò ní í dìde."

Mo dúró lórí ẹsẹ̀ mi. Mo gbé awò náà súnmọ́ ojú bí mo ṣe máa ń gbé ìbọn gígùn. Mo fà á. Ìbọn náà tàpá bí ìbákasíẹ, awò rẹ̀ sì gbá mi níwájú orí, lókè ojú ọ̀tún. Ẹ̀jẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Wálítà sáré gbé yìnyín wá, Súlè ń rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Àgbà kì í bínú sí irú ìyẹn. Mo ní kí wọ́n tún fún mi ní òmíràn, mo sì fẹ̀yìn lélẹ̀ bíi tiwọn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: mo wó tòlótòló. Tòlótòló onírin, níbi tó jìnnà bí ilé bàbá mi ṣe jìnnà sí odò, ó ró gbàǹgàn, ó ṣubú. Wálítà bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ọta kẹta ni kò dún. Mo fà á, mo gbọ́ kà, kò sí nǹkan. Wálítà ké sí mi pé kí n má mira, kí ẹnu ìbọn ṣì kọjú sí àwọn ẹran onírin. A dúró pẹ́, bóyá yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ dún. Lẹ́yìn náà ó ṣí i fúnra rẹ̀, ó yọ ọta náà, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó sì na ìka sí korobá pupa kan ní ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ju irú rẹ̀ sí.

Ẹ̀yin ọdẹ, ẹ dá mi lóhùn. Ta ló ń ju ọta nù nínú wa? Ọta tí kò dún lónìí, a ó sá a sóòrùn, yóò dún lọ́la. Èèpo ọta tó ti dún, a ó mú un lọ fún alágbẹ̀dẹ, yóò tún un rọ. Mo rìn dé ibi korobá, mo tẹ̀ ba bí ẹni tó ń jù ú síbẹ̀, mo sì ti ọta náà sí àpò jákẹ́ẹ̀tì mi pẹ̀lú èèpo méjì tí mo ṣà nílẹ̀. Ẹ̀rí Gàníyù nìyẹn.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Wálítà gbé itan àgbọ̀nrín kan tó ti dì fún mi nínú páálí, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa. Mo ń kọrin nínú ọkọ̀.

A ti ń súnmọ́ afárá kí Súlè tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní ẹnìkan níbi iṣẹ́ àwọn, ọta kan ṣoṣo tó gbàgbé sínú ọkọ̀ ni ọlọ́pàá rí. Ìlú New York kò gbà kí ẹnikẹ́ni mú ọta lọ́wọ́ láìní ìwé irú ọta náà gan-an, bó dún bí kò dún. Ọkùnrin náà pàdánù ìwé àṣẹ, ó pàdánù iṣẹ́. Ó wá fi ẹ̀rín bi mí pé ṣebí n kò mú nǹkan kan bọ̀.

"Èmi?" mo ní. "Ọmọ ọdẹ bíi tèmi?"

Ọta náà wúwo lápò bí ọlọ. Ọkọ̀ tò gbọọrọ níwájú wa, ńṣe ni à ń wọ́ díẹ̀díẹ̀. Mo ń ronú Ọjọ́rú, mo ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi. Mo rò ó pé kí n jù ú sójú fèrèsé, mo rántí kámẹ́rà. Mo rò ó pé kí n dákẹ́ títí dé ilé. Nígbà tí mo gbójú sókè, iná ọlọ́pàá ń ṣẹ́ pupa àti búlúù lẹ́nu afárá, wọ́n ti dá ọkọ̀ kan dúró, ọlọ́pàá ń tan iná wo abẹ́ àga rẹ̀.

"Súlè," mo ní, "ọta kan wà lápò mi."

Kò wo ojú mi. Ó yà sí ọ̀nà tó kẹ́yìn kí ènìyàn tó gun afárá, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo kan.

"Ọmọ mẹ́ta ni mo ń fi iṣẹ́ yìí bọ́," ó ní. "Ẹ sì mọ̀ wọ́n."

Mo ní kí a sọ ọ́ sínú ìdọ̀tí. Ó ní bí ọmọ ọlọ́mọ bá rí i ńkọ́? Ó yí ọkọ̀ padà. Ó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ tí a fi padà sọ́dọ̀ Wálítà.

Wálítà ṣí géètì. Súlè bọ́ jákẹ́ẹ̀tì lára mi níwájú òyìnbó náà, ó fa àpò rẹ̀ yọ síta, ọta àti èèpo méjèèjì bọ́ sílẹ̀. Nílé wa, àbúrò kì í tú àpò ẹ̀gbọ́n wò. Mo dúró, mo ń wo bàtà mi. Ó da gbogbo ẹrù inú bùútù sórí koríko, ó ń fi iná fóònù wá abẹ́ àga, bóyá òmíràn ṣì wà. Wálítà kó gbogbo rẹ̀ sínú korobá, àti èèpo náà, kò bínú, ó kàn ń mi orí. Ìgbà tí a dé Soundview ni mo rántí pé páálí ẹran kò bá wa padà sínú ọkọ̀.

Súlè kì í dé ẹnu ọ̀nà wa kó má wọlé jẹun. Lọ́jọ́ yẹn kò pa iná ọkọ̀. Ó ní kí n bá òun kí ìyàwó mi.

Mo dé ọ̀dọ̀ wọn ní Ọjọ́rú, mo dáhùn gbogbo ìbéèrè láìgbọ̀n, mo yege. Ta ni ìbá tún yege bí kì í bá ṣe èmi? Ní Sátidé, Gàníyù béèrè ẹ̀rí. Mo fi ojú ọgbẹ́ hàn án. Ó ní bóyá ilé ìwẹ̀ ni mo ti yọ̀ ṣubú. Gbogbo wọn yíjú sí Súlè, tó jókòó sórí àga igun. Kò gbé orí kúrò lára fóònù rẹ̀.

"Sà náà ló mọ̀," ó ní.

Sà ló pè mí, kò pè mí ní Ẹ̀gbọ́n. Kò sì tíì pè mí bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Mo mọ̀ báyìí pé ohun tí wọ́n fi ń yin ọdẹ nílé lè jẹ́ ẹ̀wọ̀n fún ẹni tó gbé e sínú ọkọ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n mo wó tòlótòló. Ohun tí mo pàdánù nìyí: ọta kan tí kò dún, èèpo ọta méjì, itan àgbọ̀nrín kan, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, àti Súlè.