Ẹni Tí Mo Gbé Iṣẹ́ Báàjì Fún

Yunifọ́ọ̀mù ni mò ń rán ní Òkè-Afá, kì í ṣe aṣọ òde. Àwọn tó ń rán aṣọ òde máa ń fojú tín-ín-rín wo iṣẹ́ wa, àmọ́ ìyẹn ò kàn mí: aṣọ òde lè sinmi, ọmọ gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwé. Ilé ìwé kan ní Àjàó Estate ló gbé ṣọ́ọ̀bù mi ró. Àwọn yòókù lè gbéṣẹ́ wá lónìí kí wọ́n má yọjú mọ́. Iṣẹ́ Àjàó yìí ni mo fi ń sanwó fún àwọn obìnrin méjì tó ń bá mi rán aṣọ, àwọn méjèèjì sì ní ọmọ tí wọ́n ń dá tọ́.

Báàjì ló dá wàhálà sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ṣe la máa ń tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, kì í sì í pẹ́ tó fi máa ń ṣí nínú omi ọṣẹ. Ìyá tó ni ilé ìwé náà wá ní mónógíráàmù lòun fẹ́, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ oníkọ̀ǹpútà rán sára aṣọ. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn: ṣé kí n ra ẹ̀rọ náà ni, àbí kí n gbé iṣẹ́ yẹn síta? Ẹ̀rọ tí a ò ní lò àfi nígbà tí ilé ìwé bá fẹ́ wọlé, tó ń jẹ iná bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, tó tún fẹ́ ẹni tó gbọ́ kọ̀ǹpútà tí yóò jókòó tì í! Mo ní kí n gbé e síta. Títí dòní, mi ò gbà pé ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà.

Ẹni tí mo gbé e fún ni. Ọkọ àbúrò mi ni, àbúrò mi tí a jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Ó ní ṣọ́ọ̀bù mónógíráàmù ní Àgọ́ Palace. Ọkùnrin náà máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi, àní níwájú àwọn oníbàárà, á ní, "Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́." Ta ló ń bá irú àna bẹ́ẹ̀ kọ ìwé àdéhùn? Tí mo bá ní kó buwọ́ lùwé, wọ́n á ní mò ń fi ọkọ àbúrò mi ṣe olè, ọ̀rọ̀ náà á sì ti dé etí ìyá wa ní Èkìtì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí báàjì náà, kí àwọ̀ òwú má baà yàtọ̀. Èmi náà ni mo mú un lọ sí Àjàó Estate. Ìyá onílé-ìwé béèrè pé ta nìyí.

"Ọmọ wa ni, mà," mo dáhùn.

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. A kì í ní "ẹni tí mo gbéṣẹ́ fún ni." Ọmọ wa ni à ń wí, gbogbo ìbéèrè á sì parí síbẹ̀. Wọ́n fún un ní omi tútù mu, wọ́n gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ dára, mi ò ní purọ́. Báàjì náà jókòó dáadáa sí àyà aṣọ, fífọ̀ ò mú un. Inú mi dùn débi pé mo ń gba àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níyànjú pé kí wọ́n yéé fi agídí ṣe ohun tí wọn ò mọ̀. Àfi ìgbà tí ọlidé ńlá ń parí lọ, tí Àjàó ò pè mí. Mo pè, wọ́n ní ìyá wà nípàdé. Mo pè títí ó fi sú mi, mo bá gbéra.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" Ẹnu ya ìyá náà. "Ṣebí wọ́n ti ń kó aṣọ wá. Ọmọ yín yẹn ni. Ó ní ẹ ti fẹ́ máa sinmi, pé ẹ ní kí òun máa bá yín bójú tó o."

"Èmi? Kí n máa sinmi?"

"Mummy, ẹ má bínú. Ẹ̀yin náà lẹ ṣáà sọ pé ọmọ yín ni. Mo rò pé ilé kan náà ni yín."

Kí ni mo fẹ́ wí? Kí n ní kì í ṣe ọmọ wa mọ́? Mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Àgọ́ Palace, mo ń to èébú jọ lẹ́nu lójú ọ̀nà.

Mi ò bá ọkùnrin náà. Àbúrò mi ni mo bá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, tó ń rán ṣẹ́ẹ̀tì Àjàó. Páálí tí mo fi ń gé aṣọ wọn wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Ó ti yá a lọ́wọ́ mi, ó ní òun fẹ́ fi gé aṣọ ọmọ òun. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́ ọ níṣẹ́. Bíkú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ó dùn mí ju ti ọkọ rẹ̀ lọ, ó dùn mí wọ egungun.

"Ìwọ náà wà níbẹ̀?" mo ní.

"Àǹtí mi, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe le." Kò dá ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rọ. "Iṣẹ́ yìí gan-an ti pọ̀ jù fún wa. A ti ń wá ẹni tá a máa gbé díẹ̀ fún. Ẹ̀yin kúkú mọ̀ ọ́n. Ẹ bá wa rán ṣẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ wá gbé e wá síbí, àwa á fi báàjì sí i."

Bí ẹni tó ń ṣe mí lóore ló ṣe sọ ọ́. Gbogbo èébú tí mo tò jọ, mi ò rí ẹyọ kan mú. Mo rántí àwọn obìnrin méjì tí mo fi sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n káwọ́ gbera, tí wọ́n ń wojú ọ̀nà. Mo gbé aṣọ tí wọ́n ti gé.

Bí mo ṣe wọlé, àwọn méjèèjì fò sókè. "Iṣẹ́ Àjàó ti dé!" Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ṣé ìyá onílé-ìwé ló fi ránṣẹ́ ni. Mo ní rárá, pé àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ni. Obìnrin náà na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè. Ó ní àwọn tó rántí wa yìí, Ọlọ́run á rántí wọn. Ó ní iṣẹ́ wọn á máa gbòòrò, àwọn ọ̀tá wọn ò ní lè dí wọn lọ́nà.

Ó wò mí, ó ń retí.

Mo fẹ̀jẹ̀ sínú, mo tutọ́ funfun jáde. Mo ní àmín.