Lẹ́tà Tí Mo Kọ sí Olórí Akọrin Wa

Mo rántí ìgbà tí gẹ̀ẹ́sì kékeré kì í tẹ́ mi lọ́rùn. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni, à ń gbé Festac, mo sì jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa. Tí mo bá ti rí gbólóhùn tó wúwo nínú ìwé, màá kọ ọ́ pamọ́, màá wá máa wá ibi tí màá ti lò ó. Èyí tí mo ń gbé kiri nígbà náà ni "dispense with". Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ dáadáa: kéèyàn sọ pé òun ò nílò nǹkan mọ́, kó yọ ọ́ kúrò. Ó ń dún bí ọ̀rọ̀ ọ̀gá, ìyẹn ló wù mí.

Bàbá tó jẹ́ olórí akọrin wa ń gbé Alákijà. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn wà lókè òkun. Àwa akọrin nìkan ló kù tó ń mú wọn jáde nílé. Àmọ́ ohùn wọn ti ń gbọ̀n, àwa ọ̀dọ́ sì fẹ́ orin tuntun. Pásítọ̀ ní kí n lọ bá bàbá nílé, kí n kúnlẹ̀, kí n rọra sọ fún wọn pé kí wọ́n sinmi, kí wọ́n máa gbà wá nímọ̀ràn. Èmi ọ̀mọ̀wé! Mo ní ta ló ń kúnlẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́, pé ìwé ni àwọn ọ̀làjú ń kọ. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń fi kọ̀ǹpútà tẹ̀wé ní Apple Junction, mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pé ìjọ ti pinnu láti "dispense with your services". Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, inú mi dùn, mo fi rán àǹtí kan tó ń gbé nítòsí bàbá.

Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bàbá ò wá. Èkejì, wọn ò wá. Ìwé ni wọ́n fi ránṣẹ́, wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ àwọn ohun ìjọ tí wọ́n dá padà sínú rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ yàrá akọrin kan, ìwé orin mẹ́rìnlélógún, aṣọ akọrin kan. Wọ́n to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì fọwọ́ sí i nísàlẹ̀, bí ẹni tí ìjọba lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ojú tì mí. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní í yọ ọfà lápó. Ọfà ni mo yọ, mo ṣebí obì ni.

Èmi àti pásítọ̀ jọ lọ bẹ̀ wọ́n. Mo kúnlẹ̀. Bàbá ò tiẹ̀ bínú.

"Dìde, ọmọ mi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ dáa. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ irú lẹ́tà yẹn sáwọn èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń rí lára ẹni tó bá gbà á nìyí."

Wọ́n dárí jì mí, wọ́n sì padà sí ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó sí. Tí a bá gbé orin, wọn kì í lanu bá wa kọ ọ́.

Lónìí, kíkọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sáwọn òṣìṣẹ́ tí iléeṣẹ́ fẹ́ dá dúró wà lára iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun. Kí n tó fi ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, èmi fúnra mi máa ń lọ bá a, màá jókòó, màá fẹnu ara mi sọ ọ́. Àwọn kan máa ń sunkún, àwọn kan máa ń bú mi, màá sì gbọ́ èébú náà tán. Bàbá ò bú mi rárá, ó sì ń dùn mí títí dòní.